Ọkọ̀ Oníná Tí Wọ́n Ní Kí N Tà

Wọ́n ní kí n ta ọkọ̀ mi. Mi ò tà á. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, torí àwọn kan ti ń sọ ọ́ kiri ní Ẹ̀fọ̀n pé mo bú bàbá mi láti Ìlú Ọba nítorí mọ́tò. Mi ò bú u. "Rárá, sà" ni mo sọ. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn bí èébú, kó lọ yẹ etí rẹ̀ wò.

Olùkọ́ ni mí. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Arámọkọ kí n tó kúrò nílé. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti ń wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, títí owó ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ owó oṣù lójú mi kòrókòró. Bàbá mi, tí àwa ọmọ ń pè ní Bàámi, jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìntì. Títí di òní, bí ó bá wúkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, màá kọ́kọ́ dìde dúró ná kí n tó rántí pé mo ti dàgbà. Ìyá mi ti kú kí n tó rìnrìn àjò. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, Bàámi ò sunkún, kò sì gbàdúrà gígùn. Ó ní, "Ọmọ mi, ulé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Má jẹ́ ká gbọ́ ohun tí a ò fẹ́ gbọ́ o." Mo ní wọn ò ní gbọ́ ọ.

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí nígbà tí mo dé kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti fi òtútù dẹ́rù bà mí tó nílé, débi pé nígbà tí mo fojú ara mi rí i, mo ní, "Ìwọ náà nìyí?" Ilé epo ló dẹ́rù bà mí. Ẹ̀gbọ́n Dèjì ló gbà mí sílé, ọmọ Ìlogbò Èkìtì ni, bàbá rẹ̀ àti Bàámi jọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ nígbà èwe wọn. Òun ló wá pàdé mi, òun ló ra ẹ̀wù òtútù fún mi, òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ ìgbóná inú ilé. Lọ́jọ́ kejì tí mo dé, ó gbé mi dání lọ ra epo. A débẹ̀, kò sí ìlà, kò sí kẹ́ẹ̀gì, kò sí ẹni tó ń bú ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọn ò ní epo nìyí o. Ẹ jẹ́ ká wá ibòmíì lọ." Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fa rọ́bà, ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ da epo sínú ọkọ̀. Èmi ń wò yíká, mò ń retí ẹni tó máa jágbe mọ́ ọn. Ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ wò wá. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo ti kúrò nílé lóòótọ́.

Iṣẹ́ tí mo rí ni ìtọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Ẹ óò wẹ̀ fún ti ibí, ẹ óò wọṣọ fún un, ẹ óò fún un lóògùn, ẹ óò sáré bọ́ sọ́kọ̀, ó di ọ̀dọ̀ ti ọ̀hún. Ilé kan lè wà ní ìsàlẹ̀ ìlú, kí èkejì wà nínú oko tí àgùntàn pọ̀ ju ènìyàn lọ. Ẹni tí kò bá ní ọkọ̀ kò lè ṣe é, ẹni tí kò bá sì ṣe é, físà rẹ̀ ò ní ẹsẹ̀ tó máa fi dúró. Ẹ̀gbọ́n ní ọkọ̀ ògbólógbòó kan lẹ́yìn ilé, ó ní kí n máa lò ó títí màá fi rí tèmi. Mo dúpẹ́ títí ó fi ní kí n dákẹ́. Àṣé ọkọ̀ yẹn ń mu epo bí ẹni tí wọ́n ṣépè fún! Ilé iṣẹ́ wa ń san nǹkan díẹ̀ fún ọ̀nà tí a bá rìn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń san kò tó epo tí ọkọ̀ náà ń mu. Bí owó iṣẹ́ bá ti wọlé báyìí, ilé epo á ti gba tirẹ̀ kí èmi tó rí tèmi. Mo wá rí i pé àtilọ síbi iṣẹ́ ni mo ń ṣiṣẹ́ fún. Ohun tí mo sá fún láàárín Ẹ̀fọ̀n àti Arámọkọ náà ló ti wọkọ̀ òfuurufú ṣáájú mi dé ibí.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi ni mo máa ń pe Bàámi. Tẹ́lẹ̀, bóyá mo ti jẹun ló máa ń kọ́kọ́ béèrè. Láti ìgbà tí epo ti wọ́n nílé, epo ló fi ń bẹ̀rẹ̀.

"Eélòó l'ẹ ń ra epo lọ́hùn-ún?"

Màá sọ fún un. Á yí i sí náírà, á sì pariwo débi tí màá gbé fóònù kúrò létí. Lẹ́yìn náà á wá ròyìn tiwọn: owó ọ̀kadà tó tún lọ sókè, ọkọ̀ tirẹ̀ tó ti fi aṣọ bò nítorí epo, àti ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ní Ìjerò tó ti pa á jẹ lẹ́ẹ̀mejì. Epo ló wá di ọ̀rọ̀ wa. Bàbá àti ọmọ, òkun láàárín, ẹkún kan náà là ń sun.

Nígbà tó yá, mo lọ ra ọkọ̀ oníná. Àlòkù ni, kékeré ni, àwọ̀ ewé ni, ọ̀dá ara rẹ̀ sì ti ń bó lápá kan. Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Èmi tí mo ti dúró níwájú pátákó tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa iná mànàmáná, ta ni màá tún lọ bi? Ẹ̀gbọ́n yí ọkọ̀ náà po, ó fẹsẹ̀ gbá táyà, ó ní, "Àbúrò, ṣé mọ́tò lo rà ni, àbí fóònù?" Àwọn ará Èkìtì tí a jọ ń pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ mí lórúkọ, wọ́n ń pè mí ní Ìyá Ṣáájà. Bàámi ní, "Uná kẹ̀? Uná tí a fi ń lọ aṣọ yìí náà?" Mo ní òun náà ni. Ó ní, "Ó dáa o," ohùn tó fi ń sọ fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ pé ó ti gba òdo.

Oṣù àkọ́kọ́, ọkọ̀ náà fẹ́ dójú tì mí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe jẹ́, torí ará ibí kan ò lè ṣe irú àṣìṣe náà láéláé. Ẹni tí wọ́n bá tọ́ ní Ẹ̀fọ̀n kì í rí iná kó fi í sílẹ̀. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí wọ́n bá mú iná dé, Bàámi á ké láti yàrá, "Uná ti dé! Ẹ fa omi! Ẹ lọ aṣọ! Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì sí i!" Kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá tọ́ọ̀ṣì ṣì ní iná nínú. Ẹ óò fi sí i ni, torí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n máa mú un lọ. Ìwà tí mo gbé dé Ìlú Ọba nìyẹn. Gbogbo ibi tí mo bá ti rí òpó tí wọ́n ti ń ṣáájì ọkọ̀, ẹ̀bá ọjà ni o, ẹ̀bá ọ̀nà ni o, màá yà, màá sì ki wáyà bọ̀ ọ́. Bátìrì lè kún dé ọrùn, màá ní kó kún dé etí. Mi ò mọ̀ pé àwọn òpó ńláńlá ẹ̀bá ọ̀nà yẹn, tí iná wọn ń yára wọlé, ló wọ́n jù. Nígbà tí oṣù parí, owó iná mi ju owó epo lọ.

Ẹ̀gbọ́n Dèjì ò tiẹ̀ jẹ́ kí n jókòó. "Mo sọ bẹ́ẹ̀, àbí mi ò sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo wọ yàrá lọ, mo fara balẹ̀ ṣe ìṣirò rẹ̀ bí ìgbà tí mo fẹ́ kọ́ ọmọ. Ọkọ̀ kan náà, ọ̀nà kan náà. Tó bá jẹ́ iná inú ilé ni mo fi sí i, tó sì jẹ́ ní àkókò tí gbogbo ìlú ń sùn tí ilé iṣẹ́ iná ti já owó wálẹ̀, ohun tí màá san ò ní tó ìdajì ìdajì owó epo. Ọkọ̀ kọ́ ló jẹ̀bi. Ìbẹ̀rù òkùnkùn tí mo gbé wá láti ilé ló ń ná mi lówó. Ojú ò sì tì mí, mo sọ fún yín. Ìbẹ̀rù yẹn ló jẹ́ kí a ní omi láti fi wẹ̀ àti aṣọ lílọ̀ láti wọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá mọ iṣẹ́ òkùnkùn kó má dá òṣùpá lóró. Àwọn tí wọn ò mọ òkùnkùn ló ń rí òpó iná tí wọ́n ń kọjá lọ. Èmi kàn ní láti kọ́ ara mi pé iná ibí ò ní lọ ni, ìyẹn sì gba ọjọ́ púpọ̀.

Mo bẹ Ẹ̀gbọ́n pé kó jẹ́ kí n máa fi ọkọ̀ sí iná ilé rẹ̀, kí n máa san owó iná náà fún un. Ó ní, "Wáyà kankan ò ní ti ulé mi jáde lọ sínú mọ́tò." Jẹnẹrétọ̀ ló jó ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ kanlẹ̀ ní Ìlogbò nígbà tó wà lọ́mọdé, mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á lóòótọ́. Ìyẹn yé mi. Ohun tí kò yé mi ni èyí tó sọ tẹ̀lé e: "Mo ti rí ẹni tó máa rà á. Mú kọ́kọ́rọ́ wá ní Sátidé. O óò padà sí ọkọ̀ tèmi. Tí epo bá wọ́n jù fún ẹ, fi iṣẹ́ arúgbó sílẹ̀, màá mú ẹ wọ ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́." Ó ti ta ọkọ̀ mi, ó ti yan ọkọ̀ fún mi, ó sì ti yan iṣẹ́ fún mi, èmi ṣì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ago tíì lọ́wọ́. Mo ní màá rò ó. Ó mọ̀ pé rárá ni mò ń sọ.

Ní ìlú yìí, bí onílé àti ẹni tó gbà sílé bá ní aáwọ̀, agbẹjọ́rò ni wọ́n ń lọ bá. Àwa, Èkìtì là ń pè. Ọ̀sán Sátidé, Ẹ̀gbọ́n gbé fóònù ti agolo mílíìkì lórí tábìlì, ó pe Bàámi lórí fídíò. Bàámi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dé fìlà, ó wọ awò ojú, bí ẹni tó fẹ́ ka orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ kanlẹ̀ kí i. Èmi kúnlẹ̀ síwájú fóònù. Bẹ́ẹ̀ ni, mo kúnlẹ̀ fún agolo mílíìkì, torí bàbá mi wà lára rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rojọ́ tirẹ̀, kò sì purọ́ kankan mọ́ mi. Ó sọ bí owó iná ṣe ju owó epo lọ. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́."

Bàámi kọjú sí mi. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ṣùgbọ́n..."

"Mi ò tí ì bi ọ́ ní ṣùgbọ́n." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Dèjì ló gbà ọ́ sí ulé rẹ̀. Òun ni bàbá rẹ lọ́hùn-ún. Gbé kọ́kọ́rọ́ fún un."

Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́. Kò nà án pẹ̀lú ìkà, ó nà án bí ẹni tó fẹ́ gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé kó má baà gé e. Bóyá ìyẹn gan-an ló bí mi nínú. Kọ́kọ́rọ́ wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo rò ó: bí mo bá gbé e fún un, owó mi padà sí ilé epo, bó bá pẹ́, iṣẹ́ mi bọ́, mo wá di ẹni tó ń dúró de ohun tí Ẹ̀gbọ́n bá wí, lórí oúnjẹ, lórí iṣẹ́, lórí ìgbà tí màá jáde. Ṣé torí èyí ni mo ṣe fi ilé sílẹ̀?

Mo ní, "Bàámi, rárá, sà."

Mo tiẹ̀ rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ ni, ṣùgbọ́n mo rí adìyẹ kan tó ń kọjá lẹ́yìn Bàámi.

"Kí lo wí?"

"Mo ní rárá, sà. Ẹ foríjì mí. Èmi ni mo ṣiṣẹ́ rà á, òun ló sì ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́. Ọwọ́ mi ló máa wà."

Mo rí ìka rẹ̀ tó ń bọ̀ wá sí ojú fóònù, ojú fóònù sì ṣókùnkùn. Ẹ̀gbọ́n mirí. Ó ní, "O ti ṣe é tán."

Mo kó jáde lọ́sẹ̀ yẹn. Esi, ọmọ Gánà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ní yàrá kan tó ṣófo, ẹni tó ni ilé náà tẹ́lẹ̀ sì ti kan àpótí ìṣáájì mọ́ ara ògiri níta. Ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló kó gbogbo ẹrù mi. Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà títí, ó wá sọ̀ kalẹ̀, ó bá mi gbé àpò gàrí síwájú ọkọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i kí n tó wọkọ̀.

Láti ìgbà náà, bí mo bá jí láàárọ̀, ọkọ̀ mi ti kún. Mi ò yà síbì kankan mọ́. Mo ń kọjá lára àwọn òpó ẹ̀bá ọ̀nà, ọwọ́ mi á fẹ́ yí ọkọ̀ síbẹ̀, màá ní, "Farabalẹ̀, uná ò lọ." Nígbà tí owó iná oṣù yẹn dé, mo wò ó, mo tún un wò, mo sì jó nínú ilé ìdáná Esi. Nígbà òtútù, bátìrì á máa tètè tán, mo kọ́ ìyẹn náà, mo mọ bí mo ṣe ń ṣe é. Iṣẹ́ ò bọ́ lọ́wọ́ mi.

Bàámi ò gbé ìpè mi. Ọjọ́ Ìsinmi á dé, màá pè, á dún títí á fi dákẹ́. Mo sunkún, mi ò ní sọ pé mi ò sunkún. Àwọn ènìyàn máa ń bi mí níbí pé ibo ni ilé mi gan-an, mo sì máa ń ní Ẹ̀fọ̀n láìrò ó. Nígbà yẹn ni mo rò ó. Mo ti sọ rárá fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìlú Ọba, kò dun ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ibi tí rárá rẹ bá ti lè dun ènìyàn débi tí kò ní gbé fóònù, ibẹ̀ ni ilé rẹ. Síbẹ̀ náà, mi ò tọrọ gáfárà fún ohun tí mo sọ. Nínú ọkàn mi, mò ń bá a rojọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Màmá Dórótì, ọ̀kan nínú àwọn arúgbó tí mo ń tọ́jú, gbọ́ mi lọ́jọ́ kan níbi tí mo ti ń se ẹyin fún un. Ó ní ta ni mò ń bá jà nínú ilé ìdáná òun. Mo ní bàbá mi ni. Ó yọjú wò mí, ó ní, "Ta ló ń borí?" Mo ní a ò tí ì mọ̀.

Ọjọ́ Wẹ́sídeè kan ni fóònù dún. Mo dá ọkọ̀ dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Bàámi ni.

"O ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, sà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà."

"Ọ̀n tún ti fowó lé epo." Ó wúkọ́. Bí ìjókòó ọkọ̀ ò bá dì mí mú, ǹ bá ti dìde. "Owó tí mo fi ń dé Ìjerò tẹ́lẹ̀ ni ọlọ́kadà ní kí n san dé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fẹsẹ̀ rìn. Mo sinmi lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

"Mọ́tò tó ń lo uná yẹn."

"Sà?"

"Ṣé ó lè gun òkè Ẹ̀fọ̀n?"

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà òkè wa mọ̀ pé ìbéèrè kékeré kọ́ nìyẹn. Tírélà tó ń mi ilẹ̀ tìtì ti kú sórí rẹ̀ rí, tí àwọn ọlọ́kọ̀ sì ń gbé òkúta há a lẹ́sẹ̀. Mo ní, "Ó máa gùn ún, sà, kò sì ní hó. Bó bá tún ń sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì, á máa dá díẹ̀ padà nínú uná tó fi gùn ún."

"Ó ń dá uná padà?"

"Ó ń dá a padà, sà."

Mo gbọ́ tó ń mí. Mo mọ̀ pé ó ń ṣe ìṣirò rẹ̀, bó ṣe kọ́ mi láti máa ṣe é, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, láti òkè padà sí ìsàlẹ̀.

Ó ní, "Má gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni."